Ogún Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí A Fi Káńfọ̀ Tọ́jú

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi ń rántí rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnìkan bá ṣí àpótí aṣọ nítòsí mi, tí òórùn tó ń ta ni nímú yẹn sì jáde, kì í ṣe ìyá mi tó fi ń tọ́jú aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan ni mo ń rántí, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko lọ́nà Wásinmi, àti ogún tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀, àti òmùgọ̀ ọkùnrin kan tó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn bí ẹni so tírà. Èmi ni òmùgọ̀ náà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé àwọn ẹlòmíì nìkan ni mo fẹ́ fi ṣẹ̀sín. Àwọn náà ń bọ̀ lẹ́yìn, n kò ní gbàgbé wọn.

Nígbà náà, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ṣàpọ́n ni mí, ní Abẹ́òkúta, ọmọ àwọn oníṣòwò aṣọ, mùsùlùmí láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Wọ́n gbé mi lọ sí ìgbèríko láti máa kọ́ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà pọ̀, mo sì mú un bí ìyà tí wọ́n fi jẹ mí. Láràárọ̀ ni mo ń wọkọ̀ ní Láfẹ́nwá, bàtà mi á máa dán. Bí mo bá débẹ̀ tán, màá fi áńkáṣíìfù nu àga kí n tó jókòó, kí gbogbo ọmọ lè rí i pé èmi kì í ṣe ará oko. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ẹni tí kò bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, n kì í ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń fún mi ní láfún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń dì relé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ tí tábúlẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n ta kánópì mẹ́ta sójú pápá. Àwọn èèyàn ńlá wá láti Abẹ́òkúta nínú ọkọ̀ tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀, wọ́n sì fi wá sínú oòrùn láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán kí wọ́n tó yọjú. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin oníkùn kan tó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, gbé gbohùngbohùn. Ó ní ayé ti dayé kọ̀ǹpútà. Ó ní láti òní lọ, ọmọ tó ń gbé ìdí ẹ̀gẹ́ àti ọmọ tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù yóò máa jókòó orúnkún pẹ̀lú orúnkún. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, nítorí èmi ni mo dúró níwájú wọn tí mo ń fi ojú sọ fún wọn pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọmọbìnrin kan jáde láàárín wọn, èyí tó gbọ́n jù, wọ́n gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n sì gbà á padà kí ojú rẹ̀ tó tàn. Ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn. Òun ni ìtàn yìí.

Iná kò sí ní abúlé náà. Òpó wà, wáyà ni kò sí lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá wa ti ro ìyẹn, ni wọ́n ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tì í. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ ti wà nílé ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Abẹ́òkúta, ó ń yí fáànù fún un. Ó ní òun ń bá ìjọba tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ̀gá wa yìí jẹ́ ọkùnrin tó bẹ̀rù lẹ́tà ìbáwí ju bó ṣe bẹ̀rù ọ̀run lọ. Bí kòkòrò bá jẹ ṣọ́ọ̀kì, á kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má baà ní òun ló jẹ ẹ́. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ogún tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "bí ọmọ àgbẹ̀ kan bá fọ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ta ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé o rí i? Títì ni. Títí àwọn alábẹ̀wò á fi dé. Bí wọ́n bá dé, a ó gbé e jáde fún wọn ní tuntun, bí ọjọ́ tí wọ́n bí i."

Òun ló ní títì o, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní káńfọ̀. Ẹ ò rí nǹkan. Ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ní àpótí aṣọ mẹ́ta. Aṣọ tó dára jù kì í kan ara rẹ̀. Ó máa ń sá wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á kà wọ́n, á tún káńfọ̀ ṣe, á sì tì í padà. Àwo tí a fi ń jẹun nílé wa, eteetí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀-díẹ̀, àwo tó dára wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àlejò, àlejò tó tó bẹ́ẹ̀ kò sì wá rí títí ìyá mi fi kú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ohun tó níyì, a kì í lò ó, ńṣe la ń fi pamọ́. Èmi náà bá sáré lọ sí Ìtòkú, mo bá obìnrin kan tó ń rán àdìrẹ, mo ní kó rán àpò ogún fún mi, tó ní iṣẹ́ ọnà lára, aláró dúdú. Mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú àpò kọ̀ọ̀kan, mo ju káńfọ̀ méjì-méjì tì í kí aáyán má baà jẹ wáyà rẹ̀. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní orí mi pé. Mo gbà á gbọ́.

Kí ẹ má baà rò pé a kò kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan kan, a kọ́ wọn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya tábúlẹ́ẹ̀tì sára pátákó ìkọ̀wé, mo fi rúlà fà á kó lè tọ́. Mo fi ọ̀pá tọ́ka sí i: ojú rẹ̀ nìyí, ibi tí a ń tẹ̀ kó tó tàn nìyí. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi kọ́ wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹyọ kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn mi. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ké ohun tí mo fi kọ́ wọn.

"Kí ni a kì í ṣe?"

"A kì í fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ!"

"Bí o bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Oko bàbá mi kò ní tó o!"

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tí wọ́n yà ní fọ́tò yẹn nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí agogo fi lù.

Nígbà tó wọ kíláàsì kẹfà ni ìwé dé. Ilé-ìwé àwọn obìnrin kan ní Abẹ́òkúta, èyí tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, fẹ́ gba ọmọ kan-kan láti àwọn abúlé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì yóò fi bírò ṣe ìdánwò rẹ̀ mọ́, orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọ kan péré la lè fà kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá ọmọbìnrin yìí du ú. Ó mọ ìṣirò ju èmi tí mo kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé girama tó súnmọ́ abúlé wọn jù, ẹsẹ̀ ọmọdé kò lè rìn ín lójúmọ́. Bí kò bá wọ ti Abẹ́òkúta yìí, ìwé ti parí nìyẹn, ẹ̀gẹ́ bíbó ló kù.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi. Àgbẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ó sì ń bọ Ògún bí baba rẹ̀ ti bọ ọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ yìí ní irin kan wà tí wọ́n fẹ́ fi dán òun wò, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Kì í ṣe irin," mo ní. "Kọ̀ǹpútà ni."

"Ṣé irin ò sí nínú rẹ̀ ni?"

"Ó wà nínú rẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n, tó bá ti wà níbẹ̀, tiwa ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, lọ́dọọdún la máa ń kó gbogbo irin ilé jáde fún Ògún. Àdá, ọkọ́, ìbọn baba mi. A ó fọ̀ wọ́n, a ó fi epo pa wọ́n, a ó sì dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó bá ti ń sùn ní kọ̀rọ̀, òun náà la máa ń bá tó ti kú. Irin tí èèyàn ò bá lò, ìpẹtà á bá a lò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo tiẹ̀ dìde kí n lè rí i dáadáa bí mo ti ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí," mo ní, níwájú ọmọ rẹ̀, "fi Ògún rẹ sílé. Wọn kì í bọ eléyìí. Lẹ́yìn àbẹ̀wò, a ó rí sí i." Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì lọ. Ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, nítorí pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò tó wáyé ni mo rí ọmọ náà lẹ́yìn kíláàsì nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ó mú àjákù pákó kan dání, ó ti fi èédú ya tábúlẹ́ẹ̀tì sí i, bí mo ti yà á sára pátákó gẹ́lẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ pákó, á dúró díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń retí kí nǹkan dá a lóhùn. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe mí. Ìtìjú ara mi ló bà mí lẹ́rù, pé ọmọ tí mo fà kalẹ̀ á lọ ṣe bí ará oko níwájú àwọn tíṣà Abẹ́òkúta tí wọ́n mọ̀ mí. Mo wọlé, mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Òórùn káńfọ̀ gbá mí lójú. Àpò àdìrẹ ogún tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n mọ́, wọ́n dára, kò sí aáyán kankan. Mo yọ èkíní, mo tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Mo yọ èkejì. Mo yọ gbogbo wọn. Àwọn kan ti wú lẹ́yìn bí àkàrà tó bọ́ sínú epo gbígbóná, bátìrì wọn ti fẹ́ bẹ́ jáde. Mo gbé méjì tí kò wú lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń gẹ irun ní oríta, tó ní jẹnẹrétọ̀, mo ní kó bá mi fi wọ́n sí ṣáàjì. A jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi yẹ̀, ọ̀kankan kò tàn. "Bàbá," ó ní fún mi nígbà tó ṣe, "ìgbà wo lẹ ti fi wọ́n sí ṣáàjì gbẹ̀yìn?" Mo ní a kò fi wọ́n sí i rí. Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn irun kúrò lára aṣọ.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá.

"Ṣé wọ́n fọ́ ni?" ó ní.

"Wọn ò fọ́, sà. Wọ́n kú ni."

"Ṣé ó hàn lójú wọn?"

"Kò hàn, sà."

"Kò sí wàhálà nígbà náà. Tì í padà."

Mo sì tì í padà. Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọmọ náà. Mi ò lè sọ fún un pé nǹkan tí mo fi ń halẹ̀ mọ́ wọn fún ọdún kan ààbọ̀ ti di òkú lọ́wọ́ mi. Mo ní kó má mikàn, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò á fi hàn án. Mo ní, "Ìwọ ṣáà ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹyin lọ̀rọ̀.

Èmi ni mo mú un dé Abẹ́òkúta. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí pẹ̀lú àwọn òbí àwọn ọmọ tó kù. Wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìgboro ń fi ìka gbá ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ sókè bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ọmọ tèmi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo rí i tó ń tẹ̀ ẹ́, inú mi dùn. Kò pẹ́ rárá ló dáwọ́ dúró. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí itan, ó nà ró ṣánṣán, ó ń wo iwájú. Mo wí fún ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ẹ wo tèmi, ó ti parí." Mo ń fi yangàn! Bẹ́ẹ̀ ló jókòó títí wọ́n fi lu agogo.

"Ṣé ó rọrùn?" mo bi í nígbà tó jáde.

"Ó rọrùn, sà. Ìbéèrè mẹ́rin ni."

"Mẹ́rin kẹ̀? Àádọ́ta ni wọ́n ní."

"Mẹ́rin ni mo rí, sà. Mo dá a lóhùn tán, mo ń retí kí wọ́n ṣí ojú ewé kejì fún mi. Ojú rẹ̀ bá ṣú. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "N ò sì fọwọ́ kàn án mọ́, sà. Ẹ má sọ fún bàbá mi pé mo bà á jẹ́."

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ nípa nǹkan yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n yékéyéké. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìyẹn nìkan ni, òun ni ì bá gbapò kìíní.

Kò wọlé. Èmi ni mo lọ sọ fún bàbá rẹ̀, mo sì ti kó àwíjàre jọ lọ́nà: ti ìjọba, ti iná, ti ọ̀gá. Kò bi mí ní ọ̀kankan. Ó bu omi fún mi mu, ó ní, "Ẹ kú làálàá ìrìn, Tíṣà." Ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ funfun bí eyín. Mo mu omi náà, mo sì lọ.

Àwọn alábẹ̀wò dé lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀. Ọ̀gá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, a to ogún àpò àdìrẹ sí i, a yọ tábúlẹ́ẹ̀tì jáde díẹ̀-díẹ̀ kí orí wọn lè hàn, èyí tó wú wà lẹ́yìn. Ọ̀gá ní ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń lò ó. Olórí àwọn alábẹ̀wò wo àpò náà, ó ní irú ìtọ́jú yìí, òun kò rí i níbòmíì. Ó ya fọ́tò. Ó béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó rán àpò náà, kí òun lè mú ọ̀kan fún ìyàwó òun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilé-ìwé wa ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n òun náà kò fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn. Nínú gbogbo wa tí a yí tábìlì yẹn ká, ẹni tó kàwé, ẹni tó wọ kóòtù, ẹni tó mú bírò dání, kò sí ẹnìkan tí ìka rẹ̀ kan dígí yẹn. Wọ́n jẹ ìrẹsì wa, wọ́n mu míńírà, wọ́n lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo wà nílé wa ní Ṣàpọ́n. Láìpẹ́ yìí, mo ń ti Wásinmi bọ̀ níbi ìsìnkú kan, ọkọ̀ wa sì dúró létí títì níbi tí wọ́n ti ń ṣe láfún. Obìnrin kan dìde láàárín àwọn tó ń sá a, ó sáré bọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Tíṣà! Ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni?" Mo mọ̀ ọ́n. Ó bi mí léèrè àwọn ará ilé. Ó ní bàbá òun wà, ó ń lọ oko síbẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọdún wọ̀nyí, kò jáde. Òun ló yọ fóònù kan láti ìbàdí ìró, dígí rẹ̀ ti sán lápá kan, láfún bò ó. Ó ní òun fi ń pe àwọn oníbàárà òun, ọmọ òun sì fi ń ka ìwé. Ó fẹ́ fi fọ́tò ọmọ náà hàn mí, ọmọbìnrin kékeré kan nínú aṣọ ilé-ìwé. Bí ó ti nà án sí mi, ojú rẹ̀ ṣú. Mo di fóònù náà mú, mo ń wò ó, n kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, sà," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Kì í gé èèyàn jẹ."

Mo fọwọ́ kàn án, ó sì tàn. Gbogbo ojú rẹ̀ kún fún àmì ìka, ìka àgbà tó funfun fún láfún, àti ìka kékeré tó ń dán bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán. Mo rántí ogún tiwa. Títí wọ́n fi kú, kò sí àmì ìka kankan lójú wọn.